Ìsopọ̀ Ọ̀nà Jíjìn nínú Ṣíṣe Àwòṣe Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó ń lọ sí ìlú àtijọ́ lórí Òkè Ìdànrè kò lè ṣàì gun àtẹ̀gùn. Bákan náà ni Packer, irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ HashiCorp gbé jáde ní ọdún 2013, gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọ kọ̀ǹpútà tí yóò fi ṣe àwòṣe fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. SSH, tí Tatu Ylönen ṣe ní Finland ní ọdún 1995, ni ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù. Kọ́kọ́rọ́ ìgbà díẹ̀ tí Packer ń rọ ní abala méjì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí olùṣètò kò bá fi àṣẹ ssh_clear_authorized_keys yọ èkejì yìí kí iṣẹ́ tó parí, yóò wà nínú gbogbo ẹ̀dà. Ẹni tí abala kìíní bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò lè ṣí gbogbo wọn.