Orúkọ Ọtí Láti Àdúgbò Dé Àdúgbò: Ẹmu, Ògùrọ̀ àti Ògógóró ní Múṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè

Ìfáárà

Bí a bá gbé ìgò ọtí wáìnì pupa méjì kalẹ̀ níbi ìnáwó kan ní Sùúrùlérè, tí ọ̀kan wá láti Sípéènì, tí èkejì wá láti ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ara ìgò lè rí Garnacha lára ti àkọ́kọ́ kí ó sì rí Grenache lára ti èkejì. Èso àjàrà kan náà ni méjèèjì. Ilẹ̀ tí a ti ń pè é ni ó yàtọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo orúkọ ọtí ìbílẹ̀ tiwa ní apá Èkó tí àwọn elédè oríṣìíríṣìí ti pàdé ní ìdí agbè kan. Èrò wa ni pé orúkọ ọtí sábà máa ń sọ ibi tí ẹni tí ó pè é ti wá ju bí ó ti ń sọ ohun tí ó wà nínú ìgò lọ, àti pé àìmọ èyí lè pa ènìyàn lára.

Bí a ṣe ń sọ àjàrà lórúkọ

Àjàrà pupa tí wọ́n gbìn jù ní Sípéènì ni Tempranillo. Inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'ní kùtùkùtù' ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ náà, nítorí pé èso yìí máa ń tètè pọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá dé La Mancha, Cencibel ni; ní Ribera del Duero, Tinto Fino ni; ní Toro, Tinta de Toro ni. Ull de Llebre, èyíinì ni 'ojú ehoro', ni àwọn ará Catalonia ń pè é ní tiwọn.

Àjàrà mìíràn wà tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Monastrell. Mourvèdre ni ti àwọn Faransé. Ibi tí orúkọ Faransé yìí ti wá ni Murviedro, orúkọ àtijọ́ ìlú Sagunto nítòsí Valencia, ní Sípéènì gan-an. Ẹ kíyè sí i pé èrò òkèèrè ni ó fi orúkọ ìlú pe èso. Onílùú kò nílò rẹ̀.

Èyí tí ó le jù ni orúkọ kan fún ohun méjì. Bí ènìyàn bá sọ pé Auxerrois ní Cahors, Malbec, àjàrà pupa, ni ó ń wí. Bí ó bá sọ ọ́ ní Alsace, àjàrà funfun mìíràn pátápátá ni wọn yóò fún un.

Ẹmu àti ògùrọ̀

Lára ọ̀pẹ ni a ti ń dá ẹmu. Adẹ́mu yóò fi igbà gun igi, yóò dá ojú ibi tí ìtànná ti ń yọ, yóò sì gbé agbè sí i. Ògùrọ̀ ní igi tirẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ ògùrọ̀, tí ó ń hù nínú irà àti létí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú etídò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi ògùrọ̀ máa ń so láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Nítorí náà, ẹni tí yóò dá a ní láti mọ àkókò tí ó fẹ́ yọ ìtànná. Ọ̀pẹ kò ní irú ìṣòro yìí. A lè padà sí ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn Ìgbò náà mọ ìyàtọ̀ yìí: mmanya nkwu ni ti ọ̀pẹ, mmanya ngwo ni ti ògùrọ̀. Ṣùgbọ́n ní Múṣin, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ 'ẹmu', tàbí kí wọ́n lo 'pámì' tí wọ́n yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì. Àgbàlagbà tí ó wá láti etídò ni yóò ṣì bi ẹlẹ́mu pé èwo ni. Auxerrois tiwa nìyí. (Omi àti sàkárìn tí àwọn kan ń dà sí i kò sí lára ohun tí a ń sọ.)

Ọtí tí a sè

Bí a bá se ẹmu tàbí ògùrọ̀ tí ó ti kan, tí a jẹ́ kí oru rẹ̀ gba inú ọ̀pá kọjá láàrin omi tútù, ohun tí yóò máa kán sílẹ̀ ni ògógóró. Níbí ni orúkọ ti wá di ọ̀pọ̀. Káíkáí ni lẹ́nu àwọn kan. Ufofop ni àwọn Ẹ̀fíìkì ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní 'Sapele water', tí ó fi ìlú Sàpẹ́lẹ̀ ṣe ìdánimọ̀, gẹ́gẹ́ bí Mourvèdre ṣe fi Murviedro ṣe é. 'Push-me-I-push-you' ń júwe ohun tí ọtí náà ń fi ojú ẹni tí ó mu ún rí. Ní Bìnì olómìnira àti Tógò, sodabi ni, láti ara orúkọ ọkùnrin kan tí ó jagun fún Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í se ọtí nígbà tí ó padà wálé. Akpeteshie ti Gánà, ọ̀rọ̀ Gá tí ó jẹ mọ́ ìfarapamọ́, rán wa létí pé ìjọba amúnisìn fi òfin de ọtí náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ pè é ní àìsàn àràmàǹdà, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ọtí tí ó ní mẹ́táńọ́ọ̀lù nínú ni. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìfòfindè ògógóró.

Ògógóró ni orúkọ tí ìkéde náà gbajúmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní ibùdókọ̀ Múṣin, ẹni tí ó bá fẹ́ mu nǹkan kì í sábà béèrè ògógóró. Pàrágà ni ó ń béèrè: egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ọtí líle. Orúkọ àrùn ni a fi ń ya ìgò sọ́tọ̀: ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ẹ̀yìn dídùn, ti ibà. Ọtí ilé-iṣẹ́ ni àwọn kan fi ń rẹ ẹ́, ògógóró ni àwọn mìíràn ń lò. Kò sí èyí tí orúkọ náà sọ fún ẹni tí ó fẹ́ gbé e mu, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó búra pé òun kò fẹnu kan ògógóró rí lè ti mu ife méjì kí ó tó wọ ọkọ̀.