Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ka nọ́mbà ṣáásì kẹ́ ẹ tó kawó!

Kò sẹ́ni tó ń gbé Ìlaròó, Ayétòrò tàbí Ìdíròkò tí kò mọ tòkunbọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó wọn wọlé láti Kútọ̀nù, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Àmọ́ ọjà tòkunbọ̀ kò kú o, bẹ́ẹ̀ ni jìbìtì kò kúrò nídìí ẹ̀.

Ọjọ́ orí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lu èèyàn jù. Ẹ wo Toyota Corolla tí wọ́n ń lò l'Amẹ́ríkà, ti 2003 àti ti 2008 jọra bí ìbejì. Ẹni tó ń tà á á fọ̀ ọ́, á kùn ún, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, 2008 ni o, ẹ ẹ̀ rí bó ṣe ń dán ni?" Lẹ bá kó owó 2008 sílẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ tún un tà, tí ẹlòmíì ka nọ́mbà ẹ̀, lẹ ó tó mọ̀ pé 2003 lẹ ń gùn látọjọ́ yìí. Owó àjọ ti wọgbó nìyẹn!

Bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ náà ni àṣírí wà. Láti ọdún 1981, ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà ṣáásì tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti nọ́mbà pa pọ̀. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Èyí tó ṣíwájú ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà. Èyí tó wà nípò kẹwàá ló ń sọ ọdún: Y ni 2000, 3 ni 2003, 8 ni 2008, A ni 2010.

Ṣùgbọ́n o, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù lè má tẹ̀lé ti ipò kẹwàá yìí. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ náà sì máa ń pààrọ̀ nọ́mbà, pàápàá tó bá jẹ́ ọkọ̀ olè. Nítorí náà, ẹ fi ti iwájú wé èyí tó wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà àtèyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tàbí tójú ẹ̀ bá rí bíi pé wọ́n fá a, ẹ sá!

Àwọn òyìnbó pàápàá kì í gba ẹnu lásán gbọ́. Owó gọbọi ni wọ́n ń ra Mustang àtijọ́ ti Ford, àwọn kan sì máa ń sọ èyí tí kò tó nǹkan di ògbólógbòó eléré. Kí àwọn tó gbọ́n tó sanwó, wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́mbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Kevin Marti ní Arizona, tí àkọsílẹ̀ Ford láti ọdún 1967 wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn á sọ ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, ẹ́ńjìnnì tó bá wáyé, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Àwọn aṣọ́bodè tiwa náà ti gbọ́n. Ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́mbà yìí ṣírò owó ẹnubodè. Bíjọba bá ń kà á kó tó gbowó, kí ló dé tẹ́yin ò ní í kà á kẹ́ ẹ tó sanwó?