Oko Etí Ìlú àti Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Lọ́rùn Wa

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là yé wa kò jìnnà sílé. Ẹni tó bá wọ ọjà Ìpàta yóò rí ata, iṣu, irú, òrí àti ẹran. Kì í ṣe àárín ìlú ni wọ́n ti hù. Púpọ̀ nínú wọn ń wá láti ibi tí ilé ti ń parí tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí igbó gúúsù ti ń fọ́n di ọ̀dàn ni Ìlọrin wà. Ẹ má ṣe rò pé ìgbẹ́ lásán ni ẹ ń rí tí ẹ bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn baba wa ń ṣán oko, wọn a gé igi yòókù, wọn a sì dá igi òrí sí, àti igi igbá tí à ń ti èso rẹ̀ ṣe irú. Tó bá ṣe, wọn a fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Ọwọ́ ènìyàn ló tọ́ ọ̀dàn yìí.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí iṣẹ́ àdán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó igi igbá a máa rọ̀ bí bọ́ọ̀lù pupa. Lóru ni àdán ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á gbé e dé orí igi mìíràn, igi á sì so. Àdán yìí kan náà làwọn kan ń sọ lókò pé ẹyẹ àjẹ́ ni! Alágbàṣe tí kì í gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá oníirú ni.

Láti 1967 tí Ìlọrin ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara, àti lẹ́yìn tí Yunifásítì dé ní 1975, ilé ń jẹ oko. Katakata á kọ́kọ́ wó gbogbo igi kí wọ́n tó pín pulọ́ọ̀tì. Igi òrí a máa lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so; wíwó rẹ̀ kò gba ọjọ́ kan. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ katakata, oníèédú ń dúró dè é, torí èédú rẹ̀ a máa pẹ́ nínú iná. Èmi ò bá oníèédú jà o. Àwa ará ìlú tí gáàsì wọ́n fún la ń rà á. Ilẹ̀ tó bá wà ní ìhòòhò, òjò á gbá a lọ sínú odò Àsà tí omi ẹ̀rọ wa ti ń wá.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pààlà yí Mọ́dínà ká, ó ní kí a má gé igi ibẹ̀, kí a má sì dẹ ẹran rẹ̀. Mọ́dínà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ tí Ìlọrin kò ní, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún dá pápá An-Naqi' sí fún ẹṣin àwọn Mùsùlùmí, olórí sì lè ṣe irú èyí fún àǹfààní gbogbo ènìyàn.

Wọ́n máa ń bi mí pé tí ẹbí bá ta ilẹ̀, ṣé igi bá a lọ? Ní ìlànà Imam Malik, bẹ́ẹ̀ ni, àfi tí májẹ̀mú bá wà. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹni tó ń wọnlẹ̀, ẹ yọ ibi tí igi igbá dúró sí kúrò nínú títà, kí ẹ sì ṣe é ní waqf fún mọ́sálásí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí àwọn opó àdúgbò lè máa ká èso rẹ̀ fi ṣe irú.