Owó Àjọ Inú Fóònù: Ta Ni Yóò Ṣírò Rẹ̀ Fún Wa?

Agbára káká ni ènìyàn fi lè rí ìsọ̀ kan nínú ọjà lónìí tí fóònù kò sí lórí àtẹ rẹ̀. Ìyá tí ń ta ata ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àpò tàtàsé ní ọjà Mile 12 kí ọkọ̀ tó gbéra níbẹ̀. Tíṣà ń gba ìwé ìpàdé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún ń gba inú fóònù yìí wọlé tọ̀ wá wá: àwòrán ọmọ kékeré tí ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn, nọ́ńbà àkáǹtì lábẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí á ṣàánú, kí á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọwọ́ ẹni a máa lọ síbi owó, ọkàn ẹni a sì máa bèèrè pé: ta ni ó ni ọmọ yìí? Ṣé òun náà ni ó ni àkáǹtì yìí? Àwòrán tí mo rí ní oṣù tí ó kọjá ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọmọ kan náà ni, tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ tí a kò sì dá owó, ọmọ lè kú. Bí ó bá jẹ́ irọ́ tí a sì dá a, a ti fi èrè ata àti owó oṣù bọ́ olè, ọmọ tí tirẹ̀ jẹ́ òótọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wa mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á jọ wo ibi tí àwọn kan ti lo fóònù láti kó ènìyàn jọ tí ó yọrí sí rere, kí á sì wo ohun tí ó mú un yọrí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe fóònù ni ó kọ́ wa ní owó dídá. Kí wọ́n tó bí àwọn tí ó ṣe Facebook ni a ti ń dá èsúsú, tí alájọ ti ń fa igi sínú káàdì. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, tí wọ́n kọ owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949, kò sí ẹni tí ó fi WhatsApp pè wọ́n. Ẹnu ni wọ́n fi pe ara wọn, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ohun tí fóònù fi kún un ni pé ó yára, ó sì ń dé ibi tí ẹnu kò lè dé.

Bí ó ti ń yára tó, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2014. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ALS. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gba agbára iṣan lára ènìyàn, títí ẹni náà kò fi ní lè rìn, tí kò ní lè sọ̀rọ̀, tí mímí pàápàá yóò di iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí àrùn náà ń bá jà, Pete Frates àti Pat Quinn, wà lára àwọn tí wọ́n tan eré kan ká: kí ènìyàn da korobá omi yìnyín lé ara rẹ̀ lórí, kí ó ya fídíò rẹ̀, kí ó sì dárúkọ ẹni mẹ́ta tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin wákàtí 24, tàbí kí wọ́n san owó fún ìrànwọ́ àwọn aláìsàn náà. Ẹni kan pe mẹ́ta, mẹ́ta pe mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án pe 27. Ẹ̀yin tíṣà ìṣirò, ẹ mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́jọ, dọ́là mílíọ̀nù 115 ni ó wọ àpò ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ ALS Association. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ sí ìwádìí, wọ́n sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ní 2016 àwọn onímọ̀ tí owó náà ràn lọ́wọ́ kéde pé àwọn ti rí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá inú ara tí ó ní ọwọ́ nínú àrùn náà. NEK1 ni wọ́n ń pè é. Frates kú ní 2019, Quinn kú ní 2020. Oògùn tí ń wò ó tán kò tíì sí. Síbẹ̀, omi tí àwọn kan ń fi ṣe ẹlẹ́yà sọ òkùnkùn di ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ fún àwọn dókítà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde ní Èkó, ní Abùjá, ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lòdì sí àwọn ọlọ́pàá SARS. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí ń jẹ́ Feminist Coalition. Oṣù keje ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀; Ọdúnayọ̀ Ewéníyì àti Dámilọ́lá Odùfúwà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó jáde ń fẹ́ oúnjẹ àti omi, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ń fẹ́ lọ́yà, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ń fẹ́ dókítà àti ọkọ̀ tí yóò gbé wọn. Ẹgbẹ́ náà ké sí gbogbo ayé lórí Twitter pé kí wọ́n dá owó. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, owó tí ó wọlé lé ní mílíọ̀nù 147 náírà.

Mo ti rò ó, mo tún un rò. Kí ni ó mú kí ènìyàn máa gbé owó fún àwọn tí kò fojú rí rí? Ní tèmi, ìṣirò ni. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú ni wọ́n ń kọ ọ́ síta: èyí ni ó wọlé, èyí ni ó jáde, ohun tí a fi ṣe nìyí, èyí tí ó kù nìyí. Ẹni tí ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́ rí i pé owó òun di omi àti oúnjẹ. Bí ó ti rí i ni ó fi òmíràn lé e, tí ó tún sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé dí mọ́ wọn, wọ́n yà sí Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í gba báńkì kọjá, owó náà kò sì dúró. Lẹ́yìn ìbọn tí wọ́n yìn ní ẹnubodè Lekki ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ẹgbẹ́ yìí kéde ní ọjọ́ 22 pé àwọn kò gba owó mọ́, wọ́n rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wà nílé, wọ́n sì sọ iye tí ó ti wọlé.

Ènìyàn lè má fara mọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń jà fún. Kò burú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ni ó ń ka ìṣirò ní alaalẹ́? Ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ yìí tí ó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni akápò ń rántí ìwé owó, ìyẹn bí eku kò bá tíì jẹ ẹ́.

Owó nìkan kọ́ ni ó ń ní sùúrù lára o. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, àwọn Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní ilé-ìwé Chibok. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí igbe #BringBackOurGirls fi bẹ̀rẹ̀ lórí Twitter, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún, Ìyáàfin Michelle Obama ti gbé e sókè lórí ìwé ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í pẹ́ gbàgbé. Ní oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ké ti bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Àwọn tí kò lọ ni àwọn tí ń jókòó ní Unity Fountain ní Abùjá, Ìyáàfin Oby Ezekwesili pẹ̀lú wọn, nínú oòrùn àti nínú òjò, tí wọ́n ń ka iye ọjọ́. Ọmọ 57 ti sá àsálà fúnra wọn. Ìjọba rí 21 gbà ní oṣù kẹwàá 2016, wọ́n tún rí 82 gbà ní oṣù karùn-ún 2017. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá ní 2024, àwọn tí ó lé ní 80 kò tíì padà sílé. Ẹni tí ó bá rò pé títẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan ti tó, kí ó lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn.

Ọ̀nà tí àánú ń gbà yìí náà ni irọ́ ń gbà. Ẹni tí ó wà nílé ní òru ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2014 kò ní gbàgbé bí fóònù ti ń dún. Àrùn Ebola ti wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ń jí ìyá, àbúrò ń pe ẹ̀gbọ́n. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ yìí pa, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ti kéde lẹ́yìn náà.

Kí ni ó wá lé Ebola lọ? Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde ní ilé-ìwòsàn, fi ẹ̀mí rẹ̀ san án ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn dókítà mìíràn gba orí Twitter àti Facebook lọ, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè, wọ́n ń tú irọ́ fó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì fi ẹsẹ̀ rìn: ènìyàn 894 tí ó ti fara kan àrùn náà ni wọ́n ń ṣọ́, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ẹgbẹ̀rún àti ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta (18,500) ìgbà ni wọ́n sì kan ilẹ̀kùn fún wọn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní ilẹ̀ wa, 8 kú, ó sì tán ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Fóònù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó dé ilé.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá wọ WhatsApp yín, ẹ wo òkè rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ aláìsàn ni, ẹ bèèrè ilé-ìwòsàn, kí ẹnìkan nínú yín tí ó ń gbé nítòsí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kí ẹ sì san owó náà fún ilé-ìwòsàn dípò àkáǹtì ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì méjì níbẹ̀, orí WhatsApp ni a ti dá owó rẹ̀. Akápò wa jẹ́ obìnrin tí ń ta aṣọ. Ó mọ iye owó ju ọ̀gá báńkì lọ. Owó wọlé, ó kọ ọ́. Ó ra bọ́ndù páànù, ó ya àwòrán rìsíìtì. Káfíńtà gba owó iṣẹ́, ó ya àwòrán òun náà. Ìyá ọ̀gá ilé-ìwé ka páànù náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e gun òkè, ó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ó pé.

Ọ̀kan nínú wa tí ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ pé owó ìṣó yẹn pọ̀ jù. Àwọn kan fẹ́ bínú sí i. Akápò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó gba ọjà lọ, ó ní kí ẹni tí ń ta ìṣó sọ iye rẹ̀ sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ọkùnrin Peckham kò fèsì ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, owó ìlẹ̀kùn méjì wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ya rìsíìtì ti àgádágodo náà.