Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ púpọ̀ ló ń rán kúìtì?

Ṣé o mọ̀ pé kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ, orí bébà ni iṣẹ́ kúìtì ti ń bẹ̀rẹ̀? Kúìtì ni aṣọ ìbora tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ìrépé aṣọ rán. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tò pọ̀ di odidi. Bí o bá rí búlọ́ọ̀kù àtijọ́ tó wù ọ́, ka iye ilé, ìyẹn igun mẹ́rin kéékèèké inú rẹ̀, tó wà lórí ìlà kan. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ká bébà sí mẹ́ta ní ìró, kí o ká a sí mẹ́ta ní ìbú: ilé mẹ́sàn-án ti jáde láìlo rúlà. Ilé méje ló wà lórí ìlà èyí tí wọ́n ń pè ní Bear's Paw. Íǹṣì 12 kò ṣeé pín sí méje géérégé. Ya á ní íǹṣì 14, kí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 2.

Ṣé o mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ló ń mú kí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tó ń rán kúìtì kan pọ̀ bára mu? Ìyẹn ni gbogbo wọn ń fi sílẹ̀ fún ojú ìrán. Ilé tí yóò jẹ́ íǹṣì 4 lójú aṣọ, íǹṣì 4½ ni wọ́n ń gé e. Bí ẹnì kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì kọjá ààlà, ojú ìrán kan á jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀, torí aṣọ méjì ló pàdé níbẹ̀. Ilé mẹ́ta lórí ìlà, ojú ìrán méjì: búlọ́ọ̀kù rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, igun kò sì ní bá igun mọ́. Ti onígun mẹ́ta tún le. Kí o tó rí ilé íǹṣì 4 aláwọ̀ méjì, íǹṣì 4⅞ lo máa gé, kí o tó là á láti igun dé igun. Etí tí o là yẹn máa ń fà, nítorí ó gba òwú aṣọ kọjá ní dídábùú. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló yẹ ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní Baltimore, ní àwọn ọdún 1840, àwọn ọ̀rẹ́ a máa fi tàdáwà kọ orúkọ sórí búlọ́ọ̀kù? Irú kúìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ta ẹni iyì lọ́rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan wà tí kì í jẹ́ kí rúlà darí wọn? Àwọn obìnrin Gee's Bend ni, ní Alabama, níbi tí odò ti yí ìlú ká lápá mẹ́ta. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n. Ojú ni wọ́n fi ń wọn aṣọ. Nínú àpẹẹrẹ Housetop, ìrépé kan ló máa ń wà láàárín, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa yí i ká, ìpele lórí ìpele. Kálukú ń dá to ojú aṣọ tirẹ̀ nílé. Nígbà tó bá ku kí wọ́n so ojú aṣọ, òwú àárín àti aṣọ abẹ́ pọ̀ ni wọ́n ń péjọ yí férémù ká. Ní 1942, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Missouri Pettway, ọ̀kan nínú wọn, kó aṣọ iṣẹ́ olóògbé náà, ó fi aṣọ àpò kún un, ó sì rán an di kúìtì. Ilé ọnà National Gallery of Art ní Washington ló wà lónìí. Ní 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ta iṣẹ́ wọn fúnra wọn. Ní 2002, ilé ọnà ńlá ní Houston pàtẹ iṣẹ́ Gee's Bend. Ní 2006, ó wọ orí sítáǹpù Amẹ́ríkà. Ó tọ́ sí wọn, ó kàn pẹ́ ni.

Ṣé o mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù kan wà tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12? Ti AIDS Memorial Quilt ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ ní Washington ní oṣù kẹwàá 1987, nígbà tí abala rẹ̀ jẹ́ 1,920. Ọ̀rẹ́, òbí àti olólùfẹ́ ló ń rán abala kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí àrùn AIDS pa: ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 6, ìwọ̀n sàréè. Mẹ́jọ ni wọ́n ń rán pọ̀ di búlọ́ọ̀kù kan. Ó ti tó nǹkan bí 50,000 abala báyìí, wọ́n sì ṣì ń gba tuntun.