Ohun Tó Ń Sọ Àlejò Di Oníbàárà Lójú Òpó Ayàwòrán

Ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀, ìlú alùfáà, ìlú ahunṣọ, ìlú tí ẹṣin ti ń jó lọ́jọ́ ọdún, kò ṣòro lónìí láti rí ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba tó fi ń jẹun dé, tó kírun tán, tó jẹun tán, á jókòó ti bébà tàbí kánfáàsì rẹ̀, á máa fi èédú, pẹ́ńsù tàbí ọ̀dà ya ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìgboro. Ìfẹ́ ọkàn ló ń ṣe é, kì í ṣe ebi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bá kún yàrá débi pé kò sí ibi tí èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ sí mọ́, á wá ẹni tó gbọ́n nídìí kọ̀ǹpútà, á sanwó fún un pé kó bá òun ṣí ojú òpó kan sórí ayélujára, kí ẹni gbogbo lè wò ó, kí ẹni tó bá wù sì rà á. Oṣù kan á kọjá, oṣù mẹ́ta á kọjá, àwọn tó ń yà síbẹ̀ kò ní ju ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ ilé ìwé lọ. Kí ló dé tí ọjà tó dára fi wà ní gbangba ayé, tí ojú oníbàárà kò sì kàn án?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ayélujára kò ní ẹnubodè kan tí gbogbo èrò ń gbà wọlé. Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1989 ní ibùdó ìwádìí CERN ní ilẹ̀ Switzerland, ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni lè kọ ojú ìwé tirẹ̀, kó sì so ó mọ́ ti ẹlòmíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni kankan. Òmìnira ńlá ni. Àmọ́ ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò so tirẹ̀ mọ́ dà bí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ tí ọ̀nà kò dé: ọjà lè kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹni tí kò mọ ibẹ̀ kò ní yà síbẹ̀. Àwọn tó ń fọ̀nà han èrò lónìí ni irú Google, tí Larry Page àti Sergey Brin dá sílẹ̀ ní 1998 lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ìlànà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lé kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá: bí ojú ìwé kan bá tọ́ka sí òmíràn, ẹ̀rí ló jẹ́ fún un, ẹ̀rí ẹni iyì sì wúwo ju ẹ̀rí ẹni tí a kò mọ̀ rí lọ. Ojú òpó tí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìwé ìròyìn tàbí ilé ọnà bá dárúkọ, òun ni Google máa ń gbé síwájú ẹni tó ń béèrè. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, ẹ̀yìn ni yóò wà. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọgbọ́n mìíràn kún un láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìpìlẹ̀ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sì ni ẹ̀rọ náà ń kà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń gbìyànjú láti dá ohun tó wà nínú fọ́tò mọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ló ṣì ń ràn án lọ́wọ́ gidigidi láti mọ ohun tí àwòrán náà jẹ́. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa ti ń ṣìnà: wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọnà lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á wá to ogún àwòrán sójú ìwé kan láìkọ ohunkóhun sábẹ́ wọn, tí orúkọ tí fóònù fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ nọ́ńbà lásán. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá kan tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wá ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò mọ orúkọ ayàwòrán náà, kò sì lè tẹ ohun tí kò mọ̀ sínú Google. Ohun tó mọ̀ ni ohun tó ń fẹ́, ìyẹn àwòrán Ìlọrin, ẹlẹ́ṣin, aṣọ òkè. Bí ayàwòrán bá kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Ẹmíà Ìlọrin lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ọ̀dà lórí kánfáàsì, íǹṣì 24 sí 36, mo yà á ní Ìlọrin ní 2024, ó ṣì wà fún títà," tó kọ ọ́ ní Yorùbá, tó tún kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti la ọ̀nà láti Peckham dé Adéwọlé ní Ìlọrin.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Kí ẹni tó bá fẹ́ ya àwọn amọ̀kòkò Dàdá ní àdúgbò Òkelele lọ jókòó tì wọ́n ní òwúrọ̀ kan. Yóò rí ìyá tó fi amọ̀ bo ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tó ń lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi tẹ́ bákan náà yí ká. Yóò rí amọ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi ọwọ́ yí, tí wọ́n sì fi ń mọ apá òkè rẹ̀ títí dé ẹnu. Yóò rí i pé ìyá náà ló ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, kì í ṣe pé ìkòkò ń yí níwájú rẹ̀. Bó bá sì di ọjọ́ tí wọ́n ń sun ún, yóò rí ìkòkò tó ń ti inú iná jáde, tí wọ́n ń wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá sè sí i lára nígbà tó ṣì ń gbóná, tí omi ọ̀hún ń hó ṣìì, tí ara ìkòkò sì ń dúdú, tó ń dán. Ayàwòrán tó bá kọ nǹkan wọ̀nyí sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti fún Google ní ọ̀rọ̀ tó ń wá, ó ti fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wádìí nípa ìkòkò Ìlọrin ní ìdí láti yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti fún olówó tó ra àwòrán náà ní ohun tí yóò máa sọ fún àlejò tó bá bi í léèrè ohun tó fi kọ́ ara ògiri. Owó ìpolówó nìkan kò lè ṣe ìyẹn.

Kò yẹ kí títajà fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ṣòro fún ọmọ Ìlọrin, nítorí ìlú yìí ti ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà jíjìn kí ayélujára tó dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri, Ìlọrin di ojúkò ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi òkúta ṣe, tí wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí pẹ̀lú sùúrù, tí wọ́n sì ń yun lórí òkúta pẹlẹbẹ títí yóò fi máa kọ mànà. Ọrùn àwọn ọba àti ìjòyè ló ń lọ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ń dé Ìbíní. Ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kò kúrò nídìí òkúta rẹ̀. Àwọn oníṣòwò àti alágbàtà ló ń gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Òótọ́ ni pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n òun náà ló ń sọ ọjà di mímọ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Yúróòpù ya wọ ọjà, ó pọ̀, kò sì wọ́n, iṣẹ́ lántànà sì ń rẹ̀yìn títí ó fi di ìtàn. Lójú tèmi, kì í ṣe owó nìkan ló ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹni tó fi í sọ́rùn kò mọ ọwọ́ tó yun ún, nítorí náà nígbà tí èyí tó jọ ọ́ dé, kò sí ẹni kan pàtó tí oníbàárà lè sọ pé tirẹ̀ lòun ń fẹ́.

Ẹ wá wo Òṣogbo, níbi tí orúkọ ti ṣiṣẹ́. Ní 1962 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ nílé Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, nígbà tó sì di 1964, Georgina Beier, ayàwòrán, kó àwọn ọ̀dọ́ kan jọ, ó fún wọn ní ọ̀dà, ó ní kí wọ́n máa ya ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Jimoh Buraimoh wà níbẹ̀, ẹni tó ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Muraina Oyelami náà wà níbẹ̀, àti Twins Seven Seven, oníjó. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fi àwòrán yíyà jẹun rí. Iṣẹ́ wọn dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa béèrè wọn lórúkọ-lórúkọ ni pé Ulli Beier, ọkọ Georgina, kọ̀wé nípa wọn láìsinmi, ó sọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì gbé iṣẹ́ wọn lọ síbi àfihàn nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀rí ẹni iyì nìyẹn, ṣáájú kí Google tó dé ayé.

Alágbàtà tòní ni Instagram, Facebook àti WhatsApp, wọ́n sì lágbára. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Kareem Waris Olamilekan, ọmọ ọdún 11, ya Emmanuel Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní New Afrika Shrine ní Èkó. Macron fúnra rẹ̀ gbé e sórí Twitter, gbogbo ayé sì rí i. Irú oríire bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́, bó bá sì wá, èrò náà á tún kọjá lọ bí wọn kò bá rí ibi tí wọn yóò yà sí. Èyí ni iṣẹ́ ojú òpó: kó jẹ́ ilé tí ayàwòrán ní fúnra rẹ̀, tí ẹni tó bá rí i ní gbàgede ẹlòmíràn yóò máa bá a bọ̀, tí yóò sì fi ímeèlì tàbí nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè ké sí i nígbà tí iṣẹ́ tuntun bá jáde.

Àlejò tó ti dé kò tíì di oníbàárà. Ní ilé ọnà Nike Davies-Okundaye ní Lẹ́kí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi gba owó ìwọlé. Ẹni tó fẹ́ wò á wò tẹ́rùn, nínú àwọn tó ń wò sì ni àwọn tó ń rà ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ojú òpó rí: kí fọ́tò rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n yà nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, kó má sì tóbi débi tí yóò máa jẹ dátà àlejò kó tó ṣí. Kí iye owó wà níbẹ̀ kedere, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń tijú àtibéèrè, tí wọ́n á sì yí padà. Ọ̀nà ìsanwó kò ni wá lára mọ́ bí i ti àtijọ́. Ilé iṣẹ́ bí i Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, ń jẹ́ kí èèyàn fi káàdì sanwó lójú òpó oníṣòwò kékeré. Ẹni tí yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí òkèèrè tún gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé ohun tó wà nínú àpótí kì í ṣe ohun àtijọ́ tí òfin dáàbò bò. Kó kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ pé òun yóò bá oníbàárà ṣe é, ọkàn ẹni náà á balẹ̀. Kó sì mọ̀ pé lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, ẹni tó ra àwòrán kò tipa bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀tọ́ láti máa tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ àti kàlẹ́ńdà, àyàfi bí wọ́n bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í yára. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin ayàwòrán Ìlọrin, ẹ mú iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ fẹ́ràn jù, kí ẹ sì kọ orúkọ yín, ìlú yín, ìwọ̀n, iye owó àti ìtàn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin, ẹ̀yin oníròyìn Kwara, nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé nípa ìlú yìí, ẹ dárúkọ wọn, kí ẹ sì tọ́ka sí ojú òpó wọn, nítorí ẹ̀rí yín ló kù tí wọn kò ní.