Àáfáà, Ìràwọ̀ àti Iṣẹ́ Tó Báni Mu

Ní Ifákọ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá kọ́ṣẹ́ rẹ́wáyà, tó ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ọjà wá kú fún oṣù mẹ́ta, kì í pẹ́ tí àgbà kan nínú ẹbí fi máa ń bi ìyá rẹ̀ pé: "Ṣé ẹ tiẹ̀ wo ìràwọ̀ ọmọ yìí kẹ́ ẹ tó fi í sẹ́nu iṣẹ́?" Kò sẹ́ni tí ìbéèrè náà ń yà lẹ́nu. Láti Ifákọ̀ dé Kétu, dé Ìkòsì àti Mile 12, àáfáà tó mọ ìṣirò ìràwọ̀ kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kò nílò pátákó. Ẹni tó ti lọ ló ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ lọ.

Orúkọ méjì péré ni irú àáfáà bẹ́ẹ̀ ń béèrè, ti ẹni tó wá àti ti ìyá tó bí i. Ọjọ́ ìbí kò kàn án. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: alífù jẹ́ 1, bâ jẹ́ 2, yâ jẹ́ 10, râ jẹ́ 200. Yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò sì máa yọ méjìlá-méjìlá kúrò títí tí kò fi ní í tó yọ mọ́. Iye tó bá ṣẹ́kù ló ń tọ́ka sí ilé ìràwọ̀, láti ilé àgbò tó jẹ́ kìíní dé ilé ẹja tó jẹ́ ìkejìlá. Iná, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi ni wọ́n pín àwọn ilé náà sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ń wọlé: wọ́n á ní olómi kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná, wọ́n á ní onílẹ̀ ni kó lọ ṣòwò ilẹ̀.

Ó dún bí ìṣirò tí kì í ṣì. Ká wá gbé e wò.

Ká sọ pé Sàlíù ọmọ Màríámù ló wá. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Lárúbáwá, lẹ́tà Sàlíù (ṣâdì, alífù, lâmù, hâ) jẹ́ 90, 1, 30 àti 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 129. Màríámù jẹ́ 290. Ro méjèèjì pọ̀, ó di 419. Ká fi ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ná. Yọ méjìlá-méjìlá, 11 ló ṣẹ́kù: ilé garawa, afẹ́fẹ́, tó wà lábẹ́ Zuhal, ìràwọ̀ tó ń lo bí ọdún 29 kó tó yí Oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Ìyà ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ ọn, àti iṣẹ́ àṣelàágùn. Ṣùgbọ́n bí ará Ìlà-Oòrùn ṣe ń ka lẹ́tà nìyẹn. Ní Màgíríbù, lápá Àríwá Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ àáfáà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wá, 60 ni ṣâdì. Àpapọ̀ á wá di 389, 5 ló sì máa ṣẹ́kù: ilé kìnnìún, iná, ilé Oòrùn fúnra rẹ̀, ilé àwọn tó ń bá ìjọba ṣe. Sàlíù kan náà, ìyá kan náà. Ìwé tí àáfáà kà ló sọ bóyá alábàárù ni tàbí ọ̀gá.

Èyí ṣì rọrùn o. Lárúbáwá kò ní lẹ́tà "gb" rárá. Bí ẹnì kan bá fi bâ kọ Gbémisọ́lá, tí ẹlòmíràn fi gaini kọ ọ́, ìràwọ̀ ọmọbìnrin náà á ti ṣí kúrò nílé kan lọ sí òmíràn kó tó dìde lórí ẹní.

Ní mọ́sáláṣí, iyàn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìṣirò. Àwọn tó lòdì sí i máa ń tọ́ka sí hádíìsì inú Sahih Muslim pé ẹni tó bá lọ bá aríran, tó bi í ní nǹkan, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Àwọn tó ń ṣe é náà á dá a padà látinú ìwé kan náà: ṣebí Ànábì kan wà tó máa ń fa ìlà sórí ilẹ̀? Alátakò á ní kí wọ́n parí hádíìsì náà: ẹni tí ìlà rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti Ànábì yẹn nìkan ló jàre, ta ló sì mọ bí tirẹ̀ ti rí? Ibn Khaldun, nínú ìwé rẹ̀ Muqaddimah tó kọ ní 1377, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní àwọn kan wà nílùú tó ń patẹ sí òpópónà àti ṣọ́ọ̀bù, tí tọkùnrin tobìnrin ń wá bi wọ́n léèrè òwò àti ipò, torí wọ́n mọ̀ pé ará ìlú ń kánjú àtimọ ọ̀la.

Babaláwo ní tirẹ̀ kì í dúró kí ọjà kú kó tó wo iṣẹ́ ọmọ. Àkọsẹ̀jayé ti ń sọ iṣẹ́ ọmọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ojú 16 ni Ifá ní, 16 náà ni ti yanrìn títẹ̀ àwọn àáfáà, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti ń jiyàn tipẹ́ lórí ẹni tó yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n Ifá fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan tí ìṣirò kò fi sílẹ̀ fún: gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ṣe ṣàlàyé rẹ̀, orí rere kò tó láìsí ẹsẹ̀, ìyẹn akitiyan ẹni.

Ní Íńdíà, wọn kì í béèrè orúkọ ìyá. Wákàtí ìbí ni. Bí Oòrùn àti Òṣùpá bá pàdé nínú ilé kẹwàá, tó jẹ́ ilé iṣẹ́, wọ́n ní ipò ìjọba ń bọ̀. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni méjèèjì ń pàdé nínú ilé ìràwọ̀ kan; bí ẹnì kan nínú èèyàn méjìlá ló ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, nínú ilé kan tàbí òmíràn, lórí àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀. Ní 2001, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì níbẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ wíwò sílé ìwé, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì kọ̀ láti yọ ọ́ ní 2004. Onímọ̀ sánmà Jayant Narlikar dán an wò: ó kó àkọsílẹ̀ ìbí 200 ọmọ jọ, ìdajì wọn jẹ́ olórí pípé nílé ìwé, ìdajì yòókù ní ìpèníjà ọpọlọ. Awòràwọ̀ 27 ló dáhùn, ogójì ni wọ́n kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú 100 tí wọ́n dáhùn, bí 46 ló bọ́ sí i. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè ì bá ti gba 50.

Síbẹ̀ àwọn oníbàárà kò tíì dín. Ẹni tó ti fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ́wáyà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, àáfáà tó bá gbọ́n sì ti ń béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí kó tó fi ọwọ́ kan gègé. Bí ìràwọ̀ bá ní kó má ṣe é, sàráà tún wà tó lè tún un ṣe, èyí tó mú kéèyàn máa ronú nípa irú kádàrá tí ẹyẹlé funfun méjì lè yí padà.

Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lórí ẹní ọ̀hún: ìràwọ̀ wo ló sọ pé kí àáfáà fúnra rẹ̀ ṣe àáfáà? Èsì rẹ̀ kì í le. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ó sì bá a nílé.